Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nà Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ilẹ̀ Yorùbá: Ẹ Dá Eré àti Ìsinmi Padà fún Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nà wa ọ̀wọ́n ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti owó oṣù olùkọ́, kì í sì í ṣe ti òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn wọ̀nyẹn náà ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ eré àti ìsinmi àwọn ọmọ wa ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, nítorí pé láwùjọ wa lónìí, eré ni ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí a bá fẹ́ kí ó ṣe àṣeyọrí. Ìdí gan-an tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyí. Ó dá mi lójú, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti gẹ́gẹ́ bí òbí, pé bí a bá gba eré àti oorun lọ́wọ́ ọmọ nítorí kí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tẹ ohun tó ń lépa, ọ̀nà tí ì bá gbà dé ibẹ̀ gan-an ni a dí mọ́ ọn.

Ẹ wo bí ọjọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ṣe ń lọ ní Èkó, tàbí ní àwọn ìlú ìpínlẹ̀ Ògùn tó fara kan Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti jí i nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, inú bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò sì ti sun oorun tó kù lójú rẹ̀. Ìsinmi ọ̀sán kò ju kí ó sáré jẹun lọ. Bí kò bá sì tíì da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ tán, olùkọ́ lè ní kí ó jókòó sí kíláàsì títí ìsinmi náà yóò fi kọjá. Nígbà tí aago ìparí bá dún, lẹ́sìnnì ló kàn. Ilẹ̀ a ti máa ṣú kí ó tó délé, iṣẹ́ àṣetiléwá a sì ti máa dúró dè é. Lẹ́sìnnì ọjọ́ Àbámẹ́ta wà, lẹ́sìnnì ọlidé oṣù kẹjọ náà wà, débi pé ọlidé tí ìjọba fọwọ́ sí wà lórí ìwé nìkan. Mo mọ àwọn ọmọ tí a kò lè bi pé eré wo ni wọ́n fẹ́ràn, nítorí pé wọn kò ní ìdáhùn tó kọjá orúkọ nǹkan tó wà nínú fóònù ìyá wọn.

N kò bá òbí kankan jà. Mo mọ ohun tó ń lé wọn. Àyè tó wà ní yunifásítì kò tó iye ọmọ tó ń wá a, iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn yunifásítì kò sì tó iye ọmọ tó ń jáde. Ìyá tó ń ta ọjà ní Bódìjà kí ó lè rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun ń ta òkòtó nígbà tí ọmọ aládùúgbò ń yanjú ìṣirò. “Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́” ni a fi tọ́ gbogbo wa dàgbà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba tó fi òwe yẹn lé wa lọ́wọ́ kì í ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di òru. Wọ́n ń ti oko dé, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń jókòó sábẹ́ igi ta ayò. Àwọn ọmọ wọn ń pa àlọ́, wọ́n sì ń ṣeré òṣùpá. Àwọn tó gba iṣẹ́ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ fún eré lójoojúmọ́, n kò sì rò pé wọ́n ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa ọpọlọ gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi ara rẹ̀ ṣe: ó ń kọ́ àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó fò lọ. Ó rí i pé ohun tí ènìyàn bá pín kọ́ sí ọjọ́ mélòó kan, tó sì fi ìsinmi sáàárín, máa ń dúró lọ́kàn ju ohun tó rọ́ sínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti tún un dán wò láti ìgbà náà, ibì kan náà ni wọ́n sì ń bá a. Oorun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá sùn, ọpọlọ rẹ̀ a máa gbé ohun tó kọ́ lójúmọmọ yẹ̀ wò, a sì máa kó o kúrò níbi ìpamọ́ ìgbà díẹ̀ lọ síbi tí yóò ti pẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó mọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́, àti pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó parí iṣẹ́ àṣetiléwá ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí a sì jí ní aago márùn-ún ìdájí, wákàtí 7 péré ló sùn. À ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ẹ̀kọ́ náà sí i lọ́kàn, à ń fi ọwọ́ òsì pa á rẹ́.

Kódà kì í ṣe oorun nìkan. Ní ọdún 2001, Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington tó wà ní St. Louis ṣàlàyé pé àwọn apá kan wà nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn kò bá dojú kọ iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wòye, tí àgbàlagbà sì ń pariwo mọ́ pé kí ó lọ mú ìwé, lè wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ìwé kò lè bá a ṣe.

Bóyá ẹnìkan nínú yín yóò sọ pé ọ̀lẹ ló ń wá ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ọ̀lẹ wá ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún 1993, Anders Ericsson àti àwọn méjì tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ fáólìnnì ní ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga kan ní Berlin. Iṣẹ́ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé wákàtí 10,000 ìdánrawò ló ń sọ ènìyàn di ọ̀gá, wọ́n sì máa ń dákẹ́ nípa ìyókù rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn tó mọ fáólìnnì ta jù ló ń dánra wò jù. Ṣùgbọ́n wọn kì í lò ó gbọọrọ láti àárọ̀ dalẹ́; wọ́n á lò ó fún nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀, wọ́n á sinmi, kí wọ́n tó tún padà sí i. Wọ́n ń sùn ju àwọn tí kò tó wọn lọ, wọ́n sì ń rẹjú lọ́sàn-án. Ìsinmi wọn wà lára ìdánrawò wọn ni.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Richard Feynman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cornell nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Gbogbo ènìyàn ń retí ohun ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún 1945, ó sì dà bí ẹni pé ọgbọ́n ti tán nínú rẹ̀. Bó bá jókòó tì ohun tó yẹ kí ó ṣe, kò ní í rí i ṣe. Nígbà tó yá, ó pinnu pé òun kò ní fi ìrètí àwọn ènìyàn da ara òun láàmú mọ́, pé òun yóò máa fi físíìsì ṣeré gẹ́gẹ́ bí òun ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìbáà wúlò, ìbáà má wúlò. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ó wà ní ilé oúnjẹ yunifásítì náà nígbà tí ẹnìkan ju àwo kan sókè láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwo náà ń yí, ó sì ń mì bó ti ń bọ̀, àmì Cornell tó wà lára rẹ̀ sì ń pòòyì. Feynman ṣàkíyèsí pé yíyí yẹn àti mímì yẹn kò yára bákan náà, ó sì jókòó, ó fi ìṣirò wá ìdí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá kan níbẹ̀ bi í pé kí ni ó fẹ́ fi í ṣe, ó ní òun kò fẹ́ fi í ṣe nǹkan kan, òun kàn ń gbádùn rẹ̀ ni. Ìṣirò àwo yẹn ló mú un padà sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kítíróònù, láti ibẹ̀ ló sì ti dé orí iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1965. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí, òun ló sì sọ pé inú eré àwo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yìí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìfúnpinpin tó fi di iṣẹ́ náà mú ló dẹ̀.

Kò sì pọn dandan kí a ti ilẹ̀ òkèèrè mú gbogbo ẹ̀rí wa wá. Ọpọ́n ayò wà nílé. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ènìyàn méjì ń kojú ara wọn. Ọmọ tó bá jókòó tì í yóò kọ́ láti fi ojú ka ohun tó wà nínú ihò láì fi ọwọ́ kàn án, láti mọ ihò tí èyí tó gbẹ̀yìn yóò bọ́ sí, láti ro ohun tí ẹnìkejì yóò ta kí ó tó ta á, àti láti rọra kó odù, ìyẹn ọ̀pọ̀ ọmọ ayò, jọ sójú kan di ìgbà tí yóò wúlò. Ìṣirò ni, àròjinlẹ̀ ni, sùúrù sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù nídìí ayò ni bí wọ́n ṣe ń mú ìfìdírẹmi. Ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta jù, a máa pa ọ̀pẹ, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta, ní àpatúnpa, àwọn òǹwòran a máa fi ọ̀pẹ ṣẹ̀fẹ̀, òun náà a máa rẹ́rìn-ín. Bó bá di ọ̀la, yóò tún jókòó sídìí ọpọ́n, títí òun náà yóò fi di ọ̀ta. Nínú kíláàsì wa, ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè kò tọ́, ojú á tì í, bóyá pàṣán á sì tẹ̀ lé e. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi kọ́ pé dídákẹ́ ló yẹ òun. Ẹni tí kò lè ṣì í kò lè mọ̀ ọ́n. Inú eré ni ọmọ ti ń rí ibi tí ó ti lè ṣì í láì sí ewu, kì í ṣe nídìí ayò nìkan, bí kò ṣe nínú bojúbojú, nínú àlọ́ àpamọ̀, nínú súwé tí àwọn ọmọbìnrin ń fò ní ojúde, àti nínú bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọkùnrin ń gbá láì wọ bàtà.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú ayé lónìí, kí ó wo iṣẹ́ Túndé Ọnàkọ̀yà. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìkòròdú ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì nígbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 2018, ó dá àjọ Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ tí òṣì ti lé sẹ́yìn ní Májídùn, ní Mákòkó àti ní Òṣòdì ní eré náà, láti ibi tí àwọn kan nínú wọn ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square ní New York láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Eré tí ọmọ kékeré ń wò nídìí onígbàjámọ̀ ló gbé e dé ibẹ̀.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ohun kan nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń lépa ohun tó ga. Láyé tí a wà yìí, a ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sára ògiri, kí wọ́n sì máa kéde rẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi ṣẹ. N kò lòdì sí i, nítorí pé Yorùbá mọ agbára ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kéde pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tí kò sùn, tí kò rẹ́rìn-ín, ìbẹ̀rù yẹn ló ń fi kún lójoojúmọ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tó sì wọ gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC tí gbogbo rẹ̀ pòórá lórí rẹ̀. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Àyè tí ọpọlọ fi ń ronú lọ́wọ́lọ́wọ́ kò fẹ̀. Nígbà tí ìbẹ̀rù bá gba ìdajì rẹ̀, ìdajì tó kù kò lè gbé ìbéèrè náà. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.” Ọmọ tí a jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, tó sì sùn dáadáa, yóò mú ohun tó mọ̀ dé orí tábìlì ìdánwò, ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi ìwé àti omi tútù lé oorun lójú rẹ̀ mọ́júmọ́ lè mọ̀ jù ú lọ, kí ó sì má rí i kọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Eré tí mo ń sọ kì í ṣe kí ọmọ tẹjú mọ́ fóònù fún wákàtí mẹ́ta. Eré tí ara ń lò, tí ojú ń rí ojú, tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń ṣòfin rẹ̀, ni mo ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara dáadáa fún 60 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lójoojúmọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tó sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ọmọ òun ń rí ìdajì rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Òfin sì wà lẹ́yìn mi. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 1989, èyí tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 1991, sọ ọ́ ní abala 31 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà ti ọdún 2003 tún un sọ ní abala 12, ìpínlẹ̀ yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ti sọ òfin náà di tiyín. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni ìsinmi àárín ọ̀sán jẹ́, kò yẹ kí olùkọ́ lè gbà á bí ìyà ẹ̀ṣẹ̀.

Ní ilẹ̀ Finland, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀kọ́ 45 ìṣẹ́jú àti ìsinmi 15 ìṣẹ́jú, tí àwọn ọmọ sì ń jáde síta bí òtútù bá tilẹ̀ mú. Ọmọ ọdún 7 ni wọ́n sì ń mú wọ ìpele àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ yìí ló ṣe ipò kìíní nínú ìwé kíkà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò PISA láàárín orílẹ̀-èdè ní ọdún 2000. Èsì wọn ti wálẹ̀ láti ìgbà náà, n kò fi pa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi hàn pé ìsinmi kì í dí ọmọ lọ́wọ́ láti gbégbá orókè. Àwọn ilẹ̀ tó fẹ́ràn lẹ́sìnnì jù wá pàápàá ti ń fa ìjánu rẹ̀: ìlú Seoul ní South Korea fòfin dè é pé ilé lẹ́sìnnì gbọ́dọ̀ tì ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìjọba China sì fòfin de lẹ́sìnnì tí wọ́n fi ń jèrè lórí àwọn ẹ̀kọ́ pàtàkì ní oṣù keje ọdún 2021. Èmi kò ní kí ẹ ṣe tó ti China. Lẹ́sìnnì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bọ́ ilé wọn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó bẹ́ẹ̀. Èkíní, tó sì ká mi lára jù, ni ilẹ̀ eré. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà ní àdúgbò wa tó ní pápá kékeré kan tí àwọn ọmọ ń sáré nínú rẹ̀. Nígbà tí iye ọmọ pọ̀ sí i, wọ́n kọ́ kíláàsì sórí pápá náà, àwọn ọmọ sì ń lo ìsinmi wọn báyìí lórí àtẹ̀gùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń gé ilẹ̀ eré ta tàbí kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ẹ má ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kankan ní ìwé àṣẹ bí kò bá ní ibi tí ọmọ lè ti sáré, ẹ sì sọ gbogbo pápá tó kù di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí láì gba àṣẹ yín. Èyí tó ṣòro jù nìyẹn. Ìyókù kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀: kí ìsinmi wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ méjì méjì, kí ìsinmi ọ̀sán gùn tó kí ọmọ jẹun kí ó sì ṣeré, kí lẹ́sìnnì má kọjá aago mẹ́rin fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí oṣù kẹjọ sì jẹ́ ọlidé ní tòótọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán.

Ẹ jẹ́ kí ọpọ́n ayò wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti ti ìṣirò máa lò ó pọ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa lè gbẹ́ ẹ, igi tí wọn yóò fi gbẹ́ ẹ kò sì ṣọ̀wọ́n. Kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa rí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lò láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, pẹ̀lú àgbàlagbà kan tí yóò máa mójú tó wọn, nítorí pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní pápá náà yóò rí ibẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé olúkúlùkù yín ló ń gbé kàlẹ́ńdà ẹ̀kọ́ jáde ṣáájú oṣù kẹsàn-án ọdọọdún. Mo rọ̀ yín pé nígbà tí ẹ bá ń kọ ti ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ kọ wákàtí eré àti ti ìsinmi sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń kọ ọjọ́ ìdánwò, kí àwọn alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ yín sì máa béèrè nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń béèrè ìwé ìmúrasílẹ̀ olùkọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan, òbí kan, ní Ìbàdàn